Píánò àti sasofóònù nìkan, láìsí béèsì, láìsí ìlù

Ẹ kú ìbéèrè o. Bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ yín, ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbàdàn ni ẹ ti kọ́ kíbọ́ọ̀dù, ẹ ti wà ní Maryland ní Amẹ́ríkà báyìí, onísasofóònù kan sì ní kí ẹ wá bá òun ṣeré jáàsì ní ilé oúnjẹ kan ní alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yin méjì péré. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ jẹ́ kí ìlù àti béèsì inú kíbọ́ọ̀dù máa bá yín lọ, àti orin tí ẹ lè kọ́kọ́ mú.

Ẹ pa ìlù inú kíbọ́ọ̀dù náà. Irú eré yìí ni mo fi ń jẹun ní agbègbè Baltimore, mo sì ti rí ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń fi ojú onísasofóònù rí. Bí orin bá jẹ́ èyí tó falẹ̀, ẹni tó mọ sasofóònù fọn á máa fà sẹ́yìn díẹ̀, á di ohùn kan mú, á sì jẹ́ kí ẹ̀yin dé ibi tí ẹ ń lọ ṣáájú òun. Ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù àyè tó ṣófo ló ń ba yín. Olùdarí ilé oúnjẹ kan bi mí rí, lẹ́yìn tí a ti ṣe apá kìn-ín-ní eré tán, pé ìgbà wo ni àwọn ẹgbẹ́ wa yòókù máa dé. Mo ní àwa náà rèé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ di mú jù lọ ni pé kí ẹ má ṣe gbìyànjú láti fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dí àyè tí onílù àti oníbéèsì fi sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń dá orin lè ti orí orin kan bọ́ sí òmíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ọwọ́ wa méjèèjì máa ń kún fún kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀, kí ibì kankan má baà ṣófo. Etí tí ẹ fi ń wá kíì akọrin (ohùn tí orin rẹ̀ fi ṣe ilé) lójijì yẹn ṣe iyebíye, ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé jáàsì níbí kò ní in. Ọwọ́ tó kún yẹn ni ẹ máa fi sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ohùn tenor, sasofóònù tó tóbi tí ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ti alto lọ, bẹ̀rẹ̀ láti A-flat kan tó ju òkítéèfù kan lọ sí ìsàlẹ̀ C àárín píánò, ó sì gòkè kọjá C náà ní nǹkan bí ìwọ̀n kan náà, tó fi jẹ́ pé ibi tí ọwọ́ yín fẹ́ràn láti tẹ kọ́ọ̀dù sí gan-an ni ilé rẹ̀. Bí ẹ bá kún ibẹ̀, ẹ ti bò ó mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi "Autumn Leaves" ṣe àpẹẹrẹ. Ará Yúróòpù ló dá ohùn rẹ̀, Joseph Kosma, ní ilẹ̀ Faransé, kí Johnny Mercer tó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí i, ṣùgbọ́n kò sí oníjáàsì Amẹ́ríkà tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú kíì G minor, kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ni C minor 7. Ẹ fi ìka kékeré ọwọ́ òsì tẹ C nísàlẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún tẹ ohùn kẹta àti ìkeje nìkan, èyí tí í ṣe E-flat àti B-flat. Nígbà tí ó bá kan F7, E-flat dúró síbi tó wà, B-flat nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ sí A. Nígbà tí ó bá kan B-flat major 7, A dúró, E-flat ló sọ̀ kalẹ̀ sí D. Báyìí ni ẹ óò ṣe máa bá a lọ, tí ìka kan ń sún tí ìkejì ń dúró, títí orin á fi délé sí G minor. Ohùn mẹ́ta péré ni ẹ ń tẹ lẹ́ẹ̀kan náà, etí sì ń gbọ́ gbogbo kọ́ọ̀dù náà.

Ní ti àkókò orin, nínú báà tí a ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì tẹ ení àti ẹ̀ta nìkan nígbà tí onísasofóònù bá ń fọn orin náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí ó bá wọ inú sólò rẹ̀, ọwọ́ òsì lè wá máa rìn, kó máa tẹ ohùn kan lórí ení, èjì, ẹ̀ta àti ẹ̀rin. Ẹ má ṣe rìn bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin alẹ́, ó ń rẹ etí. Ọwọ́ ọ̀tún yín ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ibi tí ó bá ti mí èémí ni kí ẹ dá sí i. Nígbà mìíràn, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò pátápátá, kí ó dá fọn báà mẹ́jọ.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ wá èyí tí Stan Getz onítenor àti Kenny Barron onípíánò gbà sílẹ̀ ní Café Montmartre ní Copenhagen, ní oṣù Kẹta ọdún 1991. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti ń bá Getz jà nígbà náà, oṣù Kẹfà ọdún yẹn náà ló sì kú. Ọwọ́ òsì Barron ni kí ẹ tẹ́tí sí. Ṣùgbọ́n èyí tí èmi fẹ́ràn jù fún ẹni tó ti ṣọ́ọ̀ṣì wá ni ti Archie Shepp onísasofóònù àti Horace Parlan onípíánò ní ọdún 1977, níbi tí wọ́n ti mú àwọn orin ẹ̀mí tí àwọn ẹrú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, irú bí "Go Down Moses" àti "Swing Low". Àrùn rọpárọsẹ̀ mú Parlan ní kékeré, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ tán, síbẹ̀ ẹ kò ní gbọ́ ibi tí ohunkóhun ti kù nínú orin náà.

Ọ̀rọ̀ kíì ńkọ́? Bí onísasofóònù bá ní "ó wà ní C," ẹ bi í pé C ta ni. C orí tenor jẹ́ B-flat lórí píánò, ti alto sì jẹ́ E-flat. Ẹ gbàgbé bọ́tìnnì transpose tó ń yí kíì kíbọ́ọ̀dù padà, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí píánò onígi ni ẹ máa bá níbi eré. Ẹ kọ́ D-flat dáadáa, torí pé inú rẹ̀ ni "Body and Soul" wà, àwọn onítenor kò sì lè ṣe aláìmú orin yẹn láti ìgbà tí Coleman Hawkins, onítenor bíi tiwọn, ti gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1939. Àárín rẹ̀ á fò lọ sí D, á tún bọ́ sí C, kó tó padà sílé. Bí ẹ kò bá tíì mọ ọ̀nà yẹn, ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má mú un lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́.

Sasofóònù tó bá tutù máa ń sọ̀ kalẹ̀, tó bá gbóná á gòkè, píánò kò sì lè bá a lọ. Ẹ fún un ní A kí eré tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn orin bíi méjì, kó lè ti ẹnu fèrè rẹ̀ síwájú tàbí kó fà á sẹ́yìn.

Ẹ jọ fẹnu kò sí bí orin kọ̀ọ̀kan ṣe máa parí, nítorí kò sí onílù tó máa fi ọ̀pá lu ìparí fún yín. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ tún báà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ mú "Autumn Leaves," "Summertime," "Misty," àti blues kan ní B-flat tàbí F.

Ẹ kò sọ bóyá tenor ni ọ̀rẹ́ yín ń fọn tàbí alto. Bí ẹ bá kọ ọ́ síbí, màá lè sọ àwọn orin tó kù àti kíì tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn.