Ẹ Bi Wá: Ṣé Olè Ni Ẹni Tó Ń Ṣe Fọ́tòkọ́pì Ìwé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ní Akọka, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé odidi ìwé wá pé kí n bá àwọn ṣe é, torí pé owó tí wọ́n ń ta ojúlówó rẹ̀ ju owó oúnjẹ wọn fún oṣù kan lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan wò mí lójú, ó ní olè ni mí, ó ní òfin tuntun ti jáde tí yóò kó gbogbo wa. Ṣé òótọ́ ni? *Onífọ́tòkọ́pì, Akọka.*

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Òfin náà wà lóòótọ́: Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ (Copyright Act) ni, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 2022 ni wọ́n fi ń pè é, àmọ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí i. Òun ló rọ́pò èyí tí ìjọba ológun ṣe ní 1988, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1992 àti ní 1999. Nígbà tí wọ́n ń kọ ti 1988, ẹ̀rọ bíi tiyín ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn òǹkọ̀wé. Kò tíì sí fóònù tí ènìyàn lè fi ya odidi ìwé lórí ibùsùn rẹ̀ ní Yaba, kí ẹni tó wà ní Ìkòròdú sì ti máa kà á kí omi tó hó lórí iná.

Ohun tí bàbá yẹn kò sọ fún yín ni pé ojú méjì ni òfin yìí ní. Nínú abala kìíní rẹ̀, níbi tí wọ́n ti sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, wọ́n ní kí òǹkọ̀wé rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n sọ pé kí àyè kan wà tí àwọn ará ìlú yóò fi lè rí iṣẹ́ náà lò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òfin irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1710, ohun tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀ gan-an ni pé ó wà láti fi ṣe kóríyá fún ẹ̀kọ́.

Abala 20 ni ọ̀rọ̀ tiyín wà. Ó gba ènìyàn láàyè láti lo iṣẹ́ ẹlòmíràn láìtọrọ àṣẹ, bí ó bá jẹ́ fún ìlò ara rẹ̀, fún ìwádìí tí kì í ṣe ti owó, fún ẹ̀kọ́ tí ó ń dá kọ́, fún àríwísí tàbí fún ìròyìn, títí kan ìwé tí a kọ láti fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ìlò náà gbọ́dọ̀ tọ́, ohun mẹ́rin ni adájọ́ yóò sì fi wò ó: ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, bí èyí tí wọ́n mú nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó, àti ìpalára tí yóò ṣe fún ọjà ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ọmọ kan mú ìwé wá láti ilé ìkàwé, ó ní kí ẹ bá òun ṣe ojú ìwé 40 sí 52, torí pé òun ní ìdánwò lọ́jọ́ Ajé. Èmi kò rí ẹni tí yóò pe èyí ní olè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ọgbọ̀n ẹ̀dà odidi ìwé kan náà sílẹ̀, tí ẹ fi wáyà dì wọ́n, tí ẹ tò wọ́n síwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú iye owó lára wọn, ìwé títà lẹ ń ṣe yẹn, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì mọ́. Àárín méjèèjì ló ṣòro: akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé odidi ìwé wá fún ìlò ara rẹ̀ nìkan. Bí ìwé náà bá wà lọ́jà, mo rò pé kò ní rọrùn láti gbèjà rẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹ bi í léèrè orí tó nílò; púpọ̀ nínú wọn kò nílò ju méjì lọ.

Irú ẹjọ́ yìí ti wáyé ní Íńdíà. Ní 2012, àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá, tí ti Oxford àti Cambridge wà lára wọn, pe ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ní Yunifásítì Delhi lẹ́jọ́, torí pé ó ń di orí ìwé oríṣiríṣi pọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 2016, ilé ẹjọ́ gíga Delhi dá ṣọ́ọ̀bù náà láre. Ìdájọ́ yẹn kò de adájọ́ tiwa o, òfin wọn sì ní gbólóhùn tó dárúkọ ìkọ́ni ní pàtó. Ti 1988 tiwa náà fàyè gba ilé-ẹ̀kọ́ láti ṣe ẹ̀dà fún ìkọ́ni, ó kàn ní kí wọ́n run ún kí oṣù méjìlá tó pé ni. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò tíì rí olùkọ́ tó dáná sun ìwé kankan lópin ọdún.

Mo mọ̀ pé àwọn òǹkọ̀wé kan yóò máa kùn sí mi. Òǹkọ̀wé lèmi náà. Mo ti rí ìwé mi pẹlẹbẹ kan lórí tápólì lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba, ní ìdajì iye tí à ń tà á, ojú ìwé 31 rẹ̀ dorí kodò. Mo ra ẹyọ kan, inú mi kò dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ ìyẹn fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣòwò ni, n kò sì lè kà á mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ojú ìwé mẹ́tàlá. Ohun tí yóò tán wàhálà náà fún àwa méjèèjì ni kí ilé-ẹ̀kọ́ san owó àṣẹ lọ́dọọdún fún àwọn òǹkọ̀wé. Ẹgbẹ́ tí ń bá wọn gba irú owó bẹ́ẹ̀ wà, REPRONIG ni orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Abala 3 sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí ọ̀rọ̀ òfin ìjọba. Nítorí náà, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì abala 20, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí bàbá yẹn lè rí nǹkan kà nígbà tó bá tún dé.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin kò ríran. Tíṣà rẹ̀ máa ń ka ìwé kíláàsì sínú fóònù fún òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí àwọn náà kò ríran. Ẹnì kan tó ń bá wọn ta ìwé ní kí tíṣà náà lọ gbàṣẹ. *Ìyá Ẹ̀bùn, Súrùlérè.*

Ìdáhùn: Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Marrakesh, ní Mòrókò, lọ́dún 2013, torí àwọn tí ojú wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè ka ìwé tí a tẹ̀. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2017, abala 26 òfin tuntun sì dá lé e lórí. Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn afọ́jú láìwá èrè lè sọ ìwé tí wọ́n rí lọ́nà ẹ̀tọ́ di bíréèlì, lẹ́tà gàdàgbà tàbí ohùn, láìgba àṣẹ òǹkọ̀wé, bí wọn kò bá ti yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, tí kò sì kúrò lọ́wọ́ àwọn tí a torí wọn ṣe é. Àdéhùn náà tún fàyè gba ẹni tó ń tọ́jú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ṣe é fún un. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ mẹ́ta ló ń gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí ọ̀gá iléèwé fọwọ́ sí ìwé kékeré kan pé àwọn ló ni ín. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ohùn náà sí gbàgede WhatsApp gbogbo òbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè rí yín mú.

Ìbéèrè: Bàbá bàbá mi kọ àwọn àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn Yorùbá l'Ékòó láyé àtijọ́. Ọdún 1951 ni wọ́n kú. Ṣé a lè tún un tẹ̀? *Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó.*

Ìdáhùn: Ẹ lè tún un tẹ̀. Àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú ni ẹ̀tọ́ àdàkọ ń gbé, ti bàbá yín sì ti parí ní ìparí 2021. Ti Herbert Macaulay, tó kú ní 1946, parí ní 2016; ti D. O. Fágúnwà, tó kú ní 1963, ṣì ń bẹ títí di ìparí 2033. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ tẹ odidi ìwé ìròyìn náà, ẹ wo orúkọ àwọn yòókù tó kọ nǹkan sínú rẹ̀, torí pé ikú oníkálukú wọn ni a ó fi ka ọdún tirẹ̀.