Ẹ pa dídán rẹ̀ kí ẹ tó kùn ún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa ìgò òdòdó àti iná orí tábìlì tòkúnbọ̀. Ẹ ní ẹ po békìn sódà mọ́ ọ̀dà, ẹ kùn ún, ó jọ ìkòkò amọ̀ olówó ńlá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó ti ṣe èmi náà rí, nílé wa ní Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì níbí. Ìgò aláwọ̀ ewé kan ni mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ẹrù tòkúnbọ̀. Alẹ́ ni mo kùn ún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wù mí débi pé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ni mo gbé e sí. Ọyẹ́ dé, ìyá ọkọ mi fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, èèpo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sì bọ́ sílẹ̀ bí èèpo ẹyin sísè. Ó dùn mí gan-an.

Ọ̀dà yín kò burú. Ohun tó ń dán kò ní ibi tí ọ̀dà máa dì mú, pàápàá gíláàsì. Ọ̀rá ìdáná ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ sì lè ṣì wà lára rẹ̀ kí ojú má rí i. Torí náà, ẹ ha èyí tó ń ṣí yẹn kúrò pátápátá, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ ìgò náà, kí ó gbẹ. Ẹ wá fi sáńpépà onínọ́ńbà 120 hà á yíká títí tí kò fi ní dán mọ́, tí yóò rí bí ìgbà tí èèyàn mí sára dígí. Ó gbà mí tó wákàtí kan, apá ro mí, àmọ́ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Tó bá jẹ́ igi tàbí irin tí wọ́n ti kùn láti ayé ọjọ́un, omi ni kí ẹ fi rin sáńpépà náà. Òjé máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí eruku rẹ̀ fò sí àwọn ọmọ lára.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi omi la gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, ẹ fi pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó di ọjọ́ kejì.

Ní ti ọ̀dà, èmi ò rà. Mo bẹ akunlé kan tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò wa, ó fún mi ní ìsàlẹ̀ garawa rẹ̀. Mo po sìmẹ́ǹtì funfun àti POP díẹ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, mọ́ ọn títí ó fi ki bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì lórí iná. Ìwọ̀nba tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ pò, torí POP máa ń dì kíá. Ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, sìmẹ́ǹtì máa ń jẹ ara. Ẹ má sì da èyí tó kù sínú síǹkì, yóò dí i pa. Mo wá fi asẹ́ tó ti gbó jọ iyanrìn díẹ̀ sí i, mo fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fìka wò ó bóyá mọ́ínmọ́ín ti jinná. Ẹ má fi fóòmù náà wọ́ ọ.

Òjìji ló ń jẹ́ kí ara tí kò jọ̀lọ̀ yẹn wuyì. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, tó wà ní British Museum di òní. Àwọn ère rẹ̀ yọ síta débi pé ìmọ́lẹ̀ ń ṣeré lára wọn. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí ẹ gbé ìgò yín sí, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba ẹ̀gbẹ́ kàn án. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ lò, èyí tí kì í dán. Wúrà tí àwọn kan ń kùn sí etí rẹ̀ ló máa ń tú u fó.

Tó bá jẹ́ amọ̀ gan-an ló wù yín, ẹ kọ́kọ́ lọ wo iṣẹ́ àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Ìsàn-Èkìtì. Èmi rò pé ojúlówó wọn sàn ju àfarawé lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti ra ìkòkò ńlá tó wà ní igun pálọ̀ mi.

Ẹ má bu omi sínú ìgò náà tààrà, torí tó bá ń kán sára rẹ̀, yóò rà. Ike omi tí ẹ gé lórí ni kí ẹ tì bọ inú rẹ̀ fún òdòdó tútù. Ní ti iná yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má kùn dé ibi tí gílóòbù ń wọ̀, kí ẹ sì lo gílóòbù LED tí kì í gbóná púpọ̀.