Abẹ́rẹ́ inú ewùrà: bí a ṣe lè rí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù

Ìbéèrè: Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní Ṣágámù. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fojú ara wọn rí ohun tí ó ń yún wa lọ́wọ́ bí a bá ń bẹ ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Mo gé e, mo sì wò ó, ṣùgbọ́n sítáàṣì nìkan ni mo rí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Abẹ́rẹ́ tín-ín-tìn-ìn tí ó ń yún wa náà wà níbẹ̀, sítáàṣì ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Kírísítálì èròjà kan tí à ń pè ní calcium oxalate ni, ó sì wà ní ìdì-ìdì bí ìgbálẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí omi yíyọ̀ kún inú wọn. Ẹ má ṣe gé e láti àárín. Abẹ́ èèpo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ sì fi bíléèdì tuntun gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi lè ka lẹ́tà ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ rọra ṣàn án nínú omi, kí ẹ wá fi sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ìdí rẹ̀ rèé: bí ẹ bá fi gíláàsì polarised kan (irú tí ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ń gbọ̀n sí ìhà kan ṣoṣo kọjá) sábẹ́ ewùrà náà, tí ẹ fi èkejì sókè, tí ẹ sì yí i títí ibi gbogbo fi ṣókùnkùn, abẹ́rẹ́ yóò máa tàn, ṣùgbọ́n sítáàṣì tútù náà yóò máa tàn, pẹ̀lú àgbélébùú dúdú láàárín hóró kọ̀ọ̀kan. Sítáàṣì tí ó ti jinná kì í tàn mọ́. Omi gbígbóná kì í sì í yọ́ calcium oxalate. Ògiri sẹ́ẹ̀lì lè dán díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín jẹ. Gìlísẹ́ríìnì ẹ̀kán kan lábẹ́ gíláàsì ìbòrí ti tó.

Láti mọ̀ dájú, ẹ kán fínígà sí i: kò ní yọ́. Ásíìdì hydrochloric tí a là ni yóò yọ́ ọ, láìhó bí ọṣẹ. Èyí tí ó bá hó nínú fínígà, bí irú tí ó wà nínú ewé àwọn igi ẹbí ọ̀dán, calcium carbonate ni. Sílíkà inú ewé ìrèké kò ní ka ìkankan nínú ásíìdì méjèèjì sí. Ewé ni a máa ń rẹ sínú háípò kí àwọ̀ rẹ̀ lè ṣí. Ewùrà kò nílò rẹ̀. Bí ẹ bá lò ó fún ewé, ẹ ṣàn án dáadáa kí ásíìdì tó kàn án, nítorí gáàsì olóró ni wọn yóò jọ mú jáde.