Wọ́n Ní Yàrá Wà fún Mi, Àmọ́ Kẹ̀kẹ́ Mi Ò Wọ Balùwẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Nígbà ìsinmi tó kọjá, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa wọ bàlúù lọ gbafẹ́. Kí a tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti pè wọ́n, wọ́n sì fi dá mi lójú pé yàrá wà fún irú wa. Ìgbà tí a débẹ̀, àtẹ̀gùn méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ mi ò sì gba ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kọjá. Ọjọ́ márùn-ún ni ọkọ mi fi ń gbé mi lọ wẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tí a máa fi padà dé, irin tí mo ń gbé ẹsẹ̀ lé lára kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ nínú bàlúù. Ọkọ mi ní kí a kúkú jókòó sílé lọ́dún yìí. Ṣé kí n gbà?
Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì kú làálàá.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí èmi náà ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Mo dé òtẹ́ẹ̀lì kan rí tí ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wọn jẹ́ 66 sẹ̀ntímítà, kẹ̀kẹ́ mi sì jẹ́ 68. Sẹ̀ntímítà méjì péré! Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi omi inú abọ́ nura láàárín yàrá, tí mo ń wo balùwẹ̀ tó mọ́ tónítóní lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó dá mi lóhùn lórí fóònù ò mọ̀ pé òun purọ́. Ó rí irin ìdìmú lára ògiri, ó gbà pé ó parí síbẹ̀.

Látìgbà yẹn, n kì í béèrè mọ́ pé ṣé yàrá wà fún aláàbọ̀ ara. “Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà” ni gbogbo wọn máa ń sọ. Iye sẹ̀ntímítà ni mo ń béèrè.

Ẹ mú téèpù, ẹ wọn kẹ̀kẹ́ yín níbi tó ti fẹ̀ jù, láti etí irin tí ẹ fi ń yí táyà ọ̀tún dé ti òsì. Ẹ wá ní kí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ dé ibi tó lè ṣí dé, kí wọ́n wọn àlàfo tó kù, torí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ máa ń jẹ nínú àyè. Bó bá tó 80, ọkàn yín á balẹ̀. Kí wọ́n na téèpù sí i, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Ẹni tó fẹ́ gbowó yín lè dìde lọ wọn ilẹ̀kùn.

Ẹ béèrè bóyá àyè tó fẹ̀ tó 150 wà nínú balùwẹ̀ tí ẹ lè fi yí kẹ̀kẹ́ po, àti ẹ̀gbẹ́ wo ni àyè wà lára àga ìgbọ̀nsẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ èyí: ọwọ́ òsì ni mo máa ń gbà bọ́ síbẹ̀, bí ògiri bá dí i, ó ti tán nìyẹn. Bí wọ́n bá ní àwọn máa fi pákó sórí àtẹ̀gùn, sẹ̀ntímítà 12 ni pákó gbọ́dọ̀ gùn fún sẹ̀ntímítà kan tí àtẹ̀gùn ga. Àtẹ̀gùn méjì tó ga ní 15 lọ́kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ pákó 360. Pákó kúkúrú á bi yín ṣubú.

Ní ti bàlúù, ẹ sọ fún wọn ní wákàtí 48 ṣáájú, ó kéré tán. Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ sídìí orúkọ wa. WCHR ni ti ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn, WCHS ni ti ẹni tí kò lè gùn ún àmọ́ tó lè rìn dé ìjókòó rẹ̀, WCHC ni ti ẹni tí kò lè rìn rárá. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ. Bó bá jẹ́ WCHR ni wọ́n kọ fún yín, ó lè jẹ́ pé kò ní sí ẹni tó máa gbé àga tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbé wa dé ìjókòó inú bàlúù wá, Bàbá Ìbejì náà ni yóò tún gbé yín.

Kí ẹ tó fa kẹ̀kẹ́ lé wọn lọ́wọ́, ẹ yọ tìmùtìmù àti irin ìgbẹ́sẹ̀lé, ẹ mú wọn wọlé, kí ẹ ya fọ́tò ìyókù yíká. Bó bá bàjẹ́, ẹ má kúrò ní pápákọ̀ òfurufú láìgba ìwé pé ẹ fi sùn. Fún ọ̀pọ̀ ìrìn àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ìrìn àjò bàlúù, fi ọjọ́ 7 sílẹ̀ láti kọ̀wé ẹ̀sùn lórí ẹrù tó bàjẹ́. Ẹrù ni wọ́n ka kẹ̀kẹ́ wa sí. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ẹsẹ̀ mi ni.

Ìjókòó sílé yẹn, ẹ má gbà, àmọ́ ẹ má bá Bàbá Ìbejì jà. Gbígbé ló rẹ̀ wọ́n. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwa aláàbọ̀ ara, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2006, dárúkọ ìgbafẹ́ àti ìrìn àjò afẹ́ ní abala 30. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ kọ ìbéèrè kan náà sí òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta lálẹ́ òní. Èyí tó bá fi fọ́tò téèpù ránṣẹ́, ẹ jókòó ti Bàbá Ìbejì, kí ẹ jọ wò ó kí ẹ tó sanwó.