Wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi kéré ni nǹkan ò ṣe lọ déédé

Ìbéèrè: Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n dá mi dúró níbi iṣẹ́, owó iléèwé àwọn ọmọ ti di gbèsè, mo gbààwẹ̀ títí ulcer fi wọlé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi kéré, pé kí n lọ wá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fi pamọ́. Tí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́, ẹkún ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, màámi. Ká kọ́kọ́ mú ti ulcer yẹn: ẹ dá ààwẹ̀ yẹn dúró lónìí, ẹ jẹun, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ wo Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 19, ayé sú u débi pé ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì tó wá bá a lábẹ́ igi ò wàásù kankan, àkàrà àti omi ló gbé fún un (ẹ má rò ó sí àkàrà ẹlẹ́wà o), ó jẹ, ó sùn padà, áńgẹ́lì tún jí i kó tún jẹ. Ìgbà tó jẹun tó sùn tán ni Ọlọ́run tó wá bá a sọ̀rọ̀.

Ti ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹ wá yẹn, ohun táwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù sọ fún un náà nìyẹn, àwọn ni Ọlọ́run sì bá wí níkẹyìn. Tí ẹ bá mọ nǹkan tí ẹ ṣe, ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀, ó tán. Tí ẹ ò bá mọ̀kan, ẹ má máa tú ara yín wò bí ẹni tú ẹrù olè.

Èmi o, Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ni mo máa ń rántí. 1821 ni wọ́n kó ìlú wọn, Òṣogùn, wọ́n mú òun àti ìyá ẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì yà wọ́n. Ó dọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí kí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ ní 1822, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown, ibẹ̀ ló ti gba Jésù, ó kàwé, ó fẹ́yàwó, ó di àlùfáà, gbogbo ìyẹn láìmọ̀ bóyá ìyá òun ń bẹ láyé. 1846 ló tó rí i l'Abẹ́òkúta, ọdún 25 gbáko! Nígbà tí màmá ṣèrìbọmi ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, torí Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ibẹ̀ làwa pásítọ̀ máa ń parí ẹ̀ sí ká lè pariwo halelúyà. Ṣùgbọ́n ní 1890, bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn òyìnbó kéékèèké tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá ń bá ṣiṣẹ́, rán wá sí agbègbè Odò Niger ń dá àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ dúró lójú ẹ̀, wọ́n fojú bàbá gbolẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e, ní December 31, ó kú. Ṣé ìgbàgbọ́ tiẹ̀ náà ló kéré ni?

Ẹkún yẹn, àdúrà ni. Tí ọ̀rọ̀ ò bá wá, ẹ ṣí Sáàmù 88 kí ẹ kà á síta. Àròyé ni látòkè délẹ̀, inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé pé díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa san. Ẹ lọ bá àwọn wẹ́fíà ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ má tijú, Jákọ́bù 2 ti sọ ọ́ pé kéèyàn máa ṣàdúrà fẹ́ni tébi ń pa láìfún un lóúnjẹ, òfo ni. Àwọn tó ní ìgbàgbọ́ yín kéré yẹn, kóńgò ìrẹsì mélòó ni wọ́n ti gbé wá sílé yín?

Tí oorun ò bá sì kun yín mọ́, tàbí tó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ kúkú kú, ẹ sọ fún dókítà tó ń wo ulcer yẹn. Ẹ má torí pé ẹ jẹ́ Kristẹni kẹ́ ẹ gbé e pamọ́ fún un.