Ṣé agbára nìkan ló ń pàṣẹ láàárín orílẹ̀-èdè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Olùkọ́ wa ní realism ló ṣàlàyé òṣèlú àgbáyé dáadáa jù lọ, pé agbára àti ààbò ara wọn ni gbogbo ìjọba ń lé kiri. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní èrò àwọn tó fẹ́ràn ogun ni. Níbo ló ti wúlò, níbo ló sì ti ń jáni kulẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ibi tó ti wúlò. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ìjọba kankan lórí àwọn ìjọba ayé. Bí wọ́n bá gbógun ti orílẹ̀-èdè kan, kò sí ọlọ́pàá tó máa pè. Kálukú á wá máa kó ohun ìjà jọ láti dáàbò bo ara rẹ̀, ẹ̀rù á ba aládùúgbò rẹ̀, òun náà á kó tirẹ̀ jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tó fẹ́ jà nínú wọn.

Ẹ wo Ukraine. Nígbà tí Soviet Union tú ká ní 1991, nǹkan bí 1,900 bọ́ǹbù núkílíà tó ń lọ ọ̀nà jíjìn ló kù sí ilẹ̀ rẹ̀. (Kọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń yìn wọ́n ṣì wà ní Moscow, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí èyí.) Ní 1993, John Mearsheimer, gbajúmọ̀ onírealism ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí Ukraine má kó wọn sílẹ̀, torí Rọ́ṣíà lè gbógun tì í. Wọ́n kó wọn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí gbà ni ìwé tí Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì fọwọ́ sí ní Budapest ní December 5, 1994, pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà rẹ̀. Rọ́ṣíà gba Crimea ní 2014. Ní February 2022, ó kógun wọ orílẹ̀-èdè náà.

Ibi tó ti ń jáni kulẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní 1994, Kamẹrúùnù pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague lórí Bakassi. Èèyàn wa àti ọmọ ogun wa pọ̀ ju tiwọn lọ fíìfíì, ọmọ ogun wa sì ti wà lórí ilẹ̀ náà. Ní October 10, 2002, ilé ẹjọ́ dá Kamẹrúùnù láre, ó gbé e ka àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ṣe ní 1913. Ilé ẹjọ́ yẹn kò ní ọmọ ogun kankan. Àbùjá kọ́kọ́ yarí. Ṣùgbọ́n ní June 12, 2006, Ọbásanjọ́ àti Paul Biya fọwọ́ sí àdéhùn Greentree níṣojú Kofi Annan, akọ̀wé àgbà àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé nígbà náà, ọmọ ogun wa bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní August, nígbà tó sì di August 14, 2008, gbogbo ilẹ̀ náà ti bọ́ sọ́wọ́ Kamẹrúùnù.

Onírealism lè ní Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Faransé àti Jámánì ló jẹ́rìí sí àdéhùn náà, pé agbára tiwọn ni Nàìjíríà wò. Àléébù tó ká mi lára jù nìyí. Bí Nàìjíríà bá dúró, onírealism á sọ pé agbára ló fà á; bó bá kúrò, á tún sọ pé agbára ló fà á. Kí ló wá kọ́ wa?

Nítorí náà, nínú ìdánwò, ẹ kọ ohun tí èrò náà ì bá sọ kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó wò ó bóyá ó ṣẹ. Àwọn onírealism kan ti sọ pé bí Soviet bá lọ, NATO, ẹgbẹ́ ológun tí Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ láti kojú rẹ̀, náà kò ní pẹ́ tú ká. Orílẹ̀-èdè 16 ló wà níbẹ̀ ní 1990. Wọ́n ti di 32.

Ti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, tí wọ́n ní èrò àwọn tó fẹ́ràn ogun ni, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní September 2002, onímọ̀ 33, tí Mearsheimer àti Kenneth Waltz, onírealism mìíràn, wà lára wọn, sanwó ìpolówó nínú New York Times láti kìlọ̀ pé ogun Iraq kò ní ṣe Amẹ́ríkà láǹfààní. Hans Morgenthau, ọ̀kan lára àwọn aṣíwájú èrò náà, ti ta ko ogun Vietnam ṣáájú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ohun kan náà ni gbogbo onírealism ń sọ? Olùkàwé, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Rárá. Lójú Waltz, ìjọba tó gbọ́n á wá ìwọ̀n agbára tó máa dáàbò bò ó, torí bó bá lé e kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù á para pọ̀ kojú rẹ̀. Lójú Mearsheimer, kò sí ìwọ̀n tó tó. Alágbára á máa lé e títí yóò fi di ọ̀gá ní agbègbè rẹ̀. Ẹ sọ èyí tí ẹ ń lò níbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn yín, torí ẹ̀rí tó ta ko ọ̀kan lè má kan èkejì.