Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ Wa Ọkọ̀ Ojú Omi Náà Wò Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́ Yín

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa olùdáhùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé ìgbàlejò kékeré kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ níbí. Èmi àti àbúrò mi tó ń gbé ní gúúsù ilẹ̀ Faransé fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ àlòkù kan, tó gùn ní mítà 14, tó ní yàrá méjì àti ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì méjì, kí a lè máa fi gbé àwọn àlejò lọ sí Ganvié. Alágbàtà tó ń bá olówó ọkọ̀ tà á ní kí a san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn yóò gbé àbúrò mi lọ sójú òkun fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ní àwọn yóò ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ dè é kí ó má baà dúró pẹ́. Ṣé kí a gbà bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìrònú o. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ó béèrè kì í ṣe ìrẹ́jẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣòwò yìí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ rà yóò kọ iye tí ó fẹ́ san sínú ìwé, yóò fọwọ́ sí i, yóò sì fi owó àsansílẹ̀ tì í, owó náà yóò wá wà ní ìpamọ́ títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Gbólóhùn kan ni kí ẹ wá nínú ìwé náà, èyí tí yóò sọ kedere pé bí àyẹ̀wò ọkọ̀ tàbí wíwà á wò lójú òkun kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, gbogbo owó yín ni yóò padà sọ́wọ́ yín. Bí gbólóhùn yẹn kò bá sí níbẹ̀, kí àbúrò yín má ṣe san ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ tàn sílẹ̀ ni n kò fara mọ́ rárá. Dísẹ́ẹ̀lì tó ti gbó máa ń fi àárẹ̀ rẹ̀ hàn nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù, ṣùgbọ́n bí ó bá ti móoru tán, ó lè ṣe bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ wo ọkọ̀ kan ní Kútọnù láàárọ̀, ẹni tó ń tà á sì búra fún wa pé òun kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ láti àná. Mo kúnlẹ̀ létí ihò ẹ́ńjìnnì, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìkòkò ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. A dúpẹ́, a lọ. Nígbà tí a padà dé lọ́jọ́ kejì ní kùtùkùtù, láìjẹ́ pé a dá àkókò fún un, ìgbà kẹrin tí a yí kọ́kọ́rọ́ ni ẹ́ńjìnnì tó dáhùn, èéfín funfun bo ibi tí a dúró sí, epo sì ń tàn yanran lójú omi lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò rà á. Nítorí náà, kí àbúrò yín tètè dé ṣáájú wákàtí tí wọ́n dá fún un, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan irin náà kí ẹnikẹ́ni tó tan nǹkan kan.

Kí ó máa wo èéfín náà dáadáa. Èéfín funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ tútù kò burú bí ó bá tètè lọ, ṣùgbọ́n èyí tí kò lọ ń sọ pé epo kan ń jáde láìjóná, tàbí pé omi ti ráyè wọ inú ẹ́ńjìnnì. Èéfín tó dà bí aró ń sọ pé ọ́ìlì ń jóná. Èyí tó dúdú ń sọ pé ẹrù wúwo jù fún un, tàbí pé afẹ́fẹ́ kò tó o.

Ogún ìṣẹ́jú kò tó fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè fún wákàtí kan ó kéré tán, kí epo àti omi mímu kún inú táńkì, kí èèyàn sì pọ̀ díẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí pé ọkọ̀ tó ṣófo máa ń sáré ju bí yóò ti sáré lọ́jọ́ tí ẹ bá kó àlejò sí i. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ti kọ iye ìyípo tí ó yẹ kí ó yí láàárín ìṣẹ́jú kan bí a bá tì í dé òpin agbára rẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé 2,300, tí aago iwájú atukọ̀ sì dúró sí 2,000, a jẹ́ pé nǹkan kan ń dá a dúró. Ó lè jẹ́ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ omi ni ó tóbi ju agbára rẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ti rẹ̀. Kí méjèèjì máa sáré bákan náà, kí ooru wọn má sì ga ju ara wọn lọ. Lẹ́yìn èyí, kí atukọ̀ yí ìdarí dé òpin lápá òsì àti lápá ọ̀tún, kí ó fi ẹ̀yìn rìn, kí ó sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀, kí ó sì fà á sókè. Mo bẹ̀ yín, kí àbúrò yín má ṣe jókòó sórí àga aláwọ nínú pálọ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Inú ihò ẹ́ńjìnnì ni kí ó wà fún ìgbà díẹ̀, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kí ó wo ibi tí omi tàbí ọ́ìlì bá ti ń kán.

Wíwà á wò nìkan kò sì tó. Ó yẹ kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà kúrò nínú omi, kí onímọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín gbà, tí kì í ṣe èèyàn ẹni tó ń tà á, fi òòlù kékeré gbá ìdí rẹ̀ káàkiri, kí ó sì wá wíwú bí ìléròrò tó máa ń yọ lára àwọn tí a fi fáíbà ṣe. Ẹ̀yin ni yóò san owó onímọ̀ náà àti owó gbígbé ọkọ̀ sókè. Ẹ má ṣe kùn sí i.

Èyí tó jẹ mí lọ́kàn jù nínú ìwé yín ni Ganvié. Òkun Faransé ni wọn yóò ti wa ọkọ̀ náà wò, ọ̀sà wa ni yóò sì ti ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ irú èyí ni ìdí wọn ń ri tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi lórí adágún Nokoué ni omi rẹ̀ kò jìn tó mítà méjì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ka igi akájà tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ewéko ojú omi sì lè dí ihò tí omi ń gbà wọlé láti mú ẹ́ńjìnnì tutù. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e gba ojú omi Kútọnù wọlé láti òkun, ẹ ronú nípa gíga àwọn afárá tó wà níbẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ gba ọkọ̀ apẹja kan ní oṣù kẹta ọdún, ẹ fi ìlà sára ọ̀pá gígùn kan, kí ẹ sì máa wọn omi láti Àjàṣẹ́, gba Totchè, títí dé Ganvié. Èmi gbà pé ọkọ̀ tó kéré, tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ni yóò ṣe yín láǹfààní, ṣùgbọ́n ọ̀pá yín ni kí ẹ gbọ́ ju tèmi lọ.

Ìbéèrè láti Kútọnù

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Kétu ni mí, mo sì ń bá wọn ta ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni àwọn èèyàn ń wá, wọn yóò ní kí n gbé àwọn jáde, wọn yóò ya fọ́tò, epo yóò jó tán, n kò sì ní rí wọn mọ́. Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹni tó fẹ́ rà lóòótọ́?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, má ṣe tú okùn ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò tíì fọwọ́ sí ìwé iye tí yóò san, tí kò sì tíì fi owó àsansílẹ̀ tì í. Ṣáájú ìyẹn, ibi tí ọkọ̀ so mọ́ ni kí o ti fi í hàn wọ́n, kí o ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀, kí o sì ní sùúrù fún ìbéèrè wọn. Ẹni tó ń bọ̀ wá rà máa ń béèrè wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti lò àti ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá jáde, ìwọ tàbí atukọ̀ yín ni kí ó gbé ọkọ̀ kúrò ní èbúté, tí ẹ bá dé gbangba omi ni kí o tó gbé ìdarí lé oníbàárà lọ́wọ́. Ohun tó bá ní àléébù lára ọkọ̀ náà, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, nítorí pé onímọ̀ tí wọ́n bá gbà yóò rí i, ìgbà tí ó bá sì rí i tí ìwọ kò sọ, wọn kò ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́.

Ìbéèrè láti Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù láti Yúróòpù. Ìwé wo ni kí a kọ́kọ́ wò?

Ìdáhùn

Ẹ kú ilé, ìyá wa. Ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ìwé. Láti ọdún 1998 ni òfin Yúróòpù ti mú un ní dandan pé kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní nọ́mbà ìdánimọ̀, ẹ ó sì rí i ní ẹ̀yìn ọkọ̀ lápá ọ̀tún. Lẹ́tà méjì tó ṣáájú ń tọ́ka sí orílẹ̀-èdè, FR fún Faransé, IT fún Ítálì, nọ́mbà méjì tó kẹ́yìn sì ń sọ ọdún irú ọkọ̀ náà. Ẹ dà á kọ lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kí ẹ sì fi wé èyí tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún béèrè fún ẹ̀rí pé ọkọ̀ náà kò sí ní ìdógò nílé ìfowópamọ́ kankan. Ẹ wo àwo irin tí wọ́n kàn mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ irú omi tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún: A àti B wà fún ojú òkun, C wà fún etí òkun àti adágún ńlá tí ìgbì rẹ̀ kò ju mítà méjì lọ, D sì wà fún omi tó dákẹ́.